Aṣọ Tí Kàsímù Tú Lára Ọ̀bẹ

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ní Ìdó, lọ́jọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, àgbò ló gba gbogbo ọjà Jankara, àwọn èèyàn ń wá ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ sí. Kàsímù ará Ìjẹ̀bú, tó ń ta ọ̀bẹ, jókòó sórí ẹní rẹ̀. Baba rẹ̀ tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ lé ọmọdé lọ́wọ́ láéláé. Ti àgbàlagbà pàápàá, aṣọ ni Kàsímù máa ń fi wé e, á sì fi okùn dì í pinpin. Ìdí nìyẹn tó fi dá Àfúsátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, padà láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kó lọ pe àgbà wá.

Àgbà dé lóòótọ́. Sàláhúdéènì ni, baba ọmọ náà, gbajúmọ̀ oníṣòwò aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Agbádá sányán rẹ̀ ń gbálẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ará oko yìí, ọmọ tèmi lo lé padà bí ọmọ alágbe?"

Kàsímù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, baba wa. N kò rí yín fín. Irin tó mú ni, ọmọdé ò mọ̀ ọ́n mú. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbà á."

"Kí èmi máa gbé ọ̀bẹ rìn lọ́jà? Fún un! Àbí kí n sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún àwọn tó ni ilẹ̀ tí o tẹ́ ẹní sí, kí o kó ẹrù rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú?"

Orí ẹní yẹn ni ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun. Kàsímù mú ọ̀bẹ tó dára jù, ó wé e, ó dì í.

"Tú u," ni Sàláhúdéènì wí. "Ṣé ọmọ mi jí i ni? Ọ̀bẹ òkè òkun ni, kí aráyé rí i."

Kàsímù tú okùn náà, ó ká aṣọ kúrò. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dáa, ó sì ṣe é. Inú ọmọ náà dùn. Ó gbé ọ̀bẹ sókè kí oòrùn lè tàn sí i lára, ó sáré tẹ̀ lé baba rẹ̀. Iwájú Àdùnní ọlọ́ṣẹ, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kàsímù, ló dé tí àgbò kan já okùn, tó sì kàn án lẹ́yìn. Ó ṣubú lé ọ̀bẹ náà. Kí wọ́n tó yí i padà, ó ti kú.

Ta lẹ rò pé baba rẹ̀ gbá mú? "Ẹ wo ẹni tó fi ọ̀bẹ tí kò wé lé ọmọdé lọ́wọ́!" Gbogbo àwọn tó gbọ́ "Tú u" ló dorí kodò.

Ní kóòtù, ògbufọ̀ bi Àdùnní pé kí ló rí. "Ọṣẹ ni mò ń tò, sà." Ògbufọ̀ wá kọjú sí Kàsímù. "Ọwọ́ ta ni ọ̀bẹ ti kúrò?"

"Ọwọ́ mi ni, sà, ṣùgbọ́n baba ọmọ ló ní kí n..."

"Ó tó."

Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ó ṣẹ̀wọ̀n tán, ó padà sórí ẹní rẹ̀. Nígbà tí Iléyá tún ku ọ̀la, ọmọbìnrin kékeré kan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá mi ní kí ẹ fún mi lọ́bẹ."

"Ta ni bàbá ẹ?"

"Bàbá Sàláhúdéènì. Hánífà lorúkọ mi."

Ojú Àfúsátù ló ní. Inú bí Kàsímù débi pé ó sunkún. Ó wé ọ̀bẹ kan, ó dì í ní ìdì mẹ́ta, ó fi ọwọ́ kejì fa ọmọ náà dé ilé wọn. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ mú un nílẹ̀, baba."

Sàláhúdéènì kò fọwọ́ kan án. "Mo tún rán ọmọ sí ọ, o tún dá a padà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ni ilẹ̀ ọjà ti da ẹrù Kàsímù síta. Àdùnní fi ọṣẹ rẹ̀ gba àyè náà.

Bí ẹ bá rán ọmọ lọ ra ọ̀bẹ lónìí, tí wọ́n ní kó lọ pe àgbà wá, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ kan ti kú rí, nítorí pé baba rẹ̀ kò fẹ́ gbé ọ̀bẹ rìn lọ́jà.