Òkúta Erékùṣù Tó Rì Sómi

Inú àpótí dígí tó wà ní pálọ̀ ni wọ́n ti jí òkúta náà. Ẹni tó jí i fi òmíràn dípò rẹ̀, bí ẹni pé afọ́jú ni gbogbo ará ilé.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Múdàṣírù ló mú un wá láti erékùṣù kan láàárín òkun, níbi tí òkè ti ń tu iná. Òkúta yìí nìkan ni ẹ̀rí iṣẹ́ ọdún márùn-ún tí Yasir, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, fẹ́ fi gboyè. Alhaji Sàlàhúdíìnì, àbúrò olóògbé, sì ní Yasir yìí kan náà ló jí i.

"Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹ tì í mọ́lé."

Àlímátù, opó olóògbé, jókòó sórí ẹní, kò wo ẹnì kankan. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ fi jáde nílé kò tíì pé.

Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ti pa inú Ìnsípẹ́kítọ̀ Adébímpé. Kò bínú mọ́, kò sì ṣàánú mọ́. Ó ju òkúta tí wọ́n fi dípò náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ó rì.

"Ojúlówó máa ń léfòó ni, mà," Yasir sọ. "Atẹ́gùn inú iná ló dá ihò sí i lára."

Adébímpé yọ ọ́, ó nù ún. Èédú ìdí ìkòkò sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú. Òkúta Abẹ́òkúta lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Alhaji, tẹ́ ẹ bá ń wá òkúta dúdú oníhò, níbo lẹ máa lọ?"

"Ọjà Kuto. Òkúta tí wọ́n fi ń ha gìgísẹ̀ kún ibẹ̀."

"Yasir?"

"Kuto náà ni, mà."

"Ẹni tó kun òkúta àgbàlá léèédú kò lè dé Kuto nìyẹn. Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ jáde ni."

"Èmi ni." Bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán ló ṣe sọ ọ́. "Ọjọ́ tá a wẹ òkú ọkọ mi, mo rí i pé gìgísẹ̀ wọn ti sán. Ìrìn erékùṣù yẹn ni. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ṣí àpótí, mo fi òkúta fúyẹ́fúyẹ́ yẹn ha á. Ohun tá a bá fi wẹ òkú kì í padà wọlé, mo bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn nínú aṣọ òkú. Mi ò sunkún. Mi ò tíì sunkún títí dòní."

"Òmíràn tẹ́ ẹ fi dípò ńkọ́?"

"Kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí òkúta hú òkú wọn."

Adébímpé kọjú sí Yasir. "Ilé ẹjọ́ lè ní ká ṣí sàréè. Iṣẹ́ ọdún márùn-ún rẹ ló wà níbẹ̀. Kí lo wí?"

Yasir lóṣòó síwájú Àlímátù.

"Màmá, ṣé gìgísẹ̀ wọn mọ́?"

"Ó mọ́."

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, mà."

Àlímátù bú sẹ́kún.