Ẹyin Tó Ń Rì

Hàfísátù ń gbé ní Àgbàdo, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá.

Ní gbogbo Sátidé, ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè. Fàà-à-à!

"Àǹtí Folúkẹ́ ti dé!" ni Hàfísátù máa ń pariwo.

Àǹtí Folúkẹ́ ni tíṣà tó ń wá kọ́ ọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nílé. Hàfísátù nìkan ni Àǹtí ń kọ́. Kò sí ìwé ọmọ ẹlòmíràn tí èèyàn lè yọjú wò!

Ní Sátidé kan, Àǹtí gbé ife omi méjì sórí tábìlì. Omi méjèèjì mọ́ gaara.

Ó fi ẹyin sínú ife tirẹ̀. Ẹyin léfòó, léńte!

Ó fi ẹyin kan náà sínú ife Hàfísátù. Gbùlúmù! Ó rì.

"Háà! Àǹtí, kí lẹ fi sí tiyín?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó da omi tirẹ̀ nù. Ó gbé ẹyin lé Hàfísátù lọ́wọ́.

"Mi ò ní sọ. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá wá a rí. Mú kó léfòó kí n tó dé ní Sátidé tó ń bọ̀."

Wàhálà dé!

Hàfísátù lo ife ńlá. Gbùlúmù! Ó rì.

Ó lo omi tútù inú fìríìjì. Gbùlúmù! Ó rì.

Ó bẹ̀ ẹ́. "Ẹyin, jọ̀ọ́, má rì." Gbùlúmù! Ẹyin ò gbẹ̀bẹ̀.

Mùtíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi mọ̀ ọ́n o. Ṣé kí n sọ fún ẹ?"

Hàfísátù fọwọ́ di etí méjèèjì. "Bọ̀dá Mùtíù, ẹ má sọ o! Èmi ni màá wá a rí!"

Ó fàáké kọ́rí.

Sátidé dé. Ẹyin ṣì ń rì.

Hàfísátù jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná. Ó dùn ún gan-an. Omijé yí wá sẹ́nu rẹ̀.

Ó lá a. Ó tún lá a.

"Iyọ̀! Omijé mọ́ gaara bí omi, àmọ́ iyọ̀ wà nínú ẹ̀!"

Ó sáré gbé agolo iyọ̀ Màmá. Ó bu ṣíbí kan sínú omi, ó rò ó pọ̀. Rò, rò, rò.

Gbùlúmù! Ó rì.

"Mi ò ní fi sílẹ̀!"

Ó tún bu iyọ̀. Rò, rò, rò. Ẹyin rì, àmọ́ ó dìde dúró nísàlẹ̀ ife.

Fàà-à-à! Yéè! Àǹtí ti ń bọ̀!

Hàfísátù da gbogbo iyọ̀ tó kù sí i. Rò, rò, rò, rò!

Ẹyin gbéra. Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Léńte! Ó léfòó!

Kò, kò, kò! Àǹtí wọlé. Hàfísátù kúnlẹ̀ kí i, ayọ̀ kún ojú rẹ̀.

Àǹtí wo ẹyin. Ó wo agolo tó ṣófo. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Àǹtí. Mo lá omijé mi ni!"

Àǹtí gbá a mọ́ra. "Ọmọ dáadáa! Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá gbé ọbẹ̀ kaná. Ó wo ibí. Ó wo ọ̀hún.

"Iyọ̀ mi dà?"

Hàfísátù nawọ́ sí ife. Ẹyin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, léńte.

Ọbẹ̀ ọjọ́ náà tẹ́ pátápátá. Mùtíù dijú jẹ ẹ́.

Àmọ́ lẹ́nu Hàfísátù, kò tíì sí ọbẹ̀ tó dùn tó o rí.