Pòmédì Alhaji Àbdùlràhmọ̀n

Ọkùnrin tó fá orí kodoro ni, orí náà sì ń dán bí àwo tánganran, síbẹ̀ pòmédì irun ló ń yàn nínú ìsọ̀ kan. Ó mú agolo kan, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. Ó mú òmíràn, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Àwọn ọkọ̀ Benin ń fọn fèrè lójú títì Ore, àwọn oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Bí àgbẹ̀ ṣe ń yan irúgbìn ló ṣe ń yan pòmédì.

Monílọ́lá, ọmọbìnrin tó ni ìsọ̀ náà, wò ó títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Irun wo gan-an lẹ fẹ́ fi í pa?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ ra orí rẹ̀. "Tèmi ti kú, a ti sin ín. Ti bàbá mi ni mo ń wá nǹkan fún."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Monílọ́lá kó tó mọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun báláú. Lọ́jọ́ náà, Monílọ́lá gbàgbé láti bèèrè owó, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà padà wá san án.

Hàbíb lorúkọ rẹ̀. Ó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe létí gáréèjì. Bàbá rẹ̀, Alhaji Àbdùlràhmọ̀n, wa ọkọ̀ èrò láti Ore sí Benin fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sí Odigbo. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ irun Alhaji: ó kún, ó dúdú, ó pín sí ẹ̀gbẹ́ kan tààrà bí ọ̀nà oko, ó sì ń kọ mọ̀nà. Ṣùgbọ́n pòmédì tó ń lò láti ìgbà èwe ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jà, láti ìgbà náà ni kò ti sí àlàáfíà nínú ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gẹrun bíi ti bàbá wọn àgbà, nítorí náà ìsọ̀ Monílọ́lá kún fún àwọn agolo tí wọ́n ya àwòrán ayé àtijọ́ sí lára. Ó yan ọ̀kan fún Hàbíb. Kò pẹ́ tí Hàbíb fi padà.

"Ó yọ́," ó ní. "Oòrùn mú Alhaji lóko, gbogbo ẹ̀ ṣàn wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n ní ṣé o fẹ́ fọ́ àwọn lójú ni."

Monílọ́lá fún un ní òmíràn tó le díẹ̀, tó ń ta sánsán bí òdòdó. Ó tún padà.

"Oyin lé wọn. Alhaji sáré láti oko dé títì. Bàbá àgbà!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta, pòmédì náà le, kò sì ní òórùn.

"Fìlà lẹ̀ mọ́ orí," ni Hàbíb wí, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, wọ́n fẹ́ ṣí fìlà gba atẹ́gùn. Fìlà kọ̀."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún lọ́kàn pẹ̀lú. Kò sí irun tó ṣòro fún un báyìí rí. Ó fa àpótí kan sílẹ̀ fún Hàbíb.

"Ẹ jókòó. Irun wọn, ṣé ó le ni àbí ó rọ̀? Ṣé ó gbẹ? Ibo ni kì í gbọ́ràn?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ta ló ń fọwọ́ kan orí bàbá ẹ̀?"

"Ẹ wá ń ra pòmédì fún irun tí ẹ ò fọwọ́ kàn rí! Bí ẹni ń ra bàtà fún ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ni."

"Nígbà náà, wá bá mi wò ó nílé," Hàbíb wí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sì yára fi kún un pé: "Nítorí pòmédì ni o."

"Nítorí pòmédì ni," Monílọ́lá dáhùn, ó sì yíjú sí pẹpẹ bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ní Odigbo, Alhaji jókòó síwájú ilé. Monílọ́lá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà."

"Àṣé ìwọ ni," Alhaji wí. "Ìwọ tó rán oyin sí mi."

"Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun yín."

Orí àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń fọwọ́ kàn. Hàbíb ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé owó rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji wo ọmọbìnrin náà, ó rí i pé kò fi ṣeré, ó sì rọra ṣí fìlà.

Monílọ́lá fi ìka méjì wá ìdí irun náà. "Irun yín ò burú, sà. Ó gbẹ nísàlẹ̀ ni. Òkè nìkan ni gbogbo ohun tí ẹ ń pa ń dúró sí." Ó yọ agolo pẹlẹbẹ kan nínú báàgì, èyí tí wọ́n ya ọkùnrin onírun pípín sí. Ó mú díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí ó fi rọ̀, ó fi pa irun náà láti ìdí, ó sì fi òòyà pín in.

Alhaji gba dígí. Ó wo ara rẹ̀ títí.

"Èmi rèé," ó wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé: "Ta ló bí ọ?"

Láti ọjọ́ náà ni Hàbíb kò ti nílò àwáwí mọ́. Bí oòrùn bá ti rọ̀, á fi àgbàdo sísun méjì dé ìsọ̀ Monílọ́lá.

"Olólùfẹ́ mi, kí ni mo máa pa sórí tèmi?"

"Epo ẹnjìnnì. Ẹ ti ní tó lọ́wọ́."

"Ẹnu ẹ mú bíi bíléèdì. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Monílọ́lá sọ fún un pé ọmọ onígbàgbọ́ lòun, pé bàbá òun, Ọláníran, ń dáko kòkó ní Ago Alaye, àti pé òun ò ní fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Hàbíb gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Alhaji ní, "Ìyàwó onígbàgbọ́ kì í ṣe èèwọ̀ fún wa. Kó sáà jẹ́ ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run." Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò lọ mọ àwọn ará Ago Alaye.

Ẹnìkan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn: Sàádátù, àbúrò Alhaji obìnrin, tó ti ń gbèrò pé kí Hàbíb fẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pe Monílọ́lá sí Odigbo. Bó ṣe wọ pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Alhaji jókòó láìdé fìlà. Irun rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti fá a pátápátá, orí náà sì rí funfun, ó kéré, bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Sàádátù gbé agolo pẹlẹbẹ náà sókè. "Ìwọ tó kàwé, kà á. Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Wọ́n kọ ọ́ pé bíi tàtijọ́ ni wọ́n ṣe é, mà."

"Ẹ gbọ́ o! Bíi tàtijọ́! Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì ni àwọn òyìnbó àtijọ́ fi ń ṣe pòmédì. Mo rí i nínú fóònù, wọ́n fi hàn kedere! Ẹ̀gbọ́n mi, orí tí ẹ fi ń kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run! Mo búra, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni!"

"Ó tó, Sàádátù." Ojú Alhaji ti pọ́n. "Monílọ́lá, ìwọ lo yàn án. Búra fún mi pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Fi Bíbélì rẹ búra. Bí o bá ti búra, ọ̀rọ̀ parí, a ó sì dé Ago Alaye lọ́jọ́ tí a dá."

Hàbíb, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Monílọ́lá lójú pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú agolo náà. Irú àwọn pòmédì báyẹn, ìda oyin ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kì í ṣe ìmọ̀. Ó wo orí tí wọ́n fá náà.

"Alhaji, mi ò lè búra."

"Hẹn?"

"Mo mọ òórùn rẹ̀, sà. Mo mọ bó ṣe ń di irun mú. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbi tí wọ́n ti sè é. Bí mo bá búra tó sì jẹ́ irọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lórí lọ síwájú Ọlọ́run, kì í ṣe èmi."

Sàádátù pàtẹ́wọ́. "Ó ti jẹ́wọ́!"

"Máa lọ sílé," Alhaji wí fún Monílọ́lá. Kò wojú rẹ̀.

Hàbíb bá a dé ìdí ọ̀kadà. Ìbínú àti ẹ̀rù ń jà lójú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan, Monílọ́lá! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!"

"Ṣé irọ́ lẹ fẹ́ fi fẹ́ mi?"

Ọ̀kadà gbé Monílọ́lá lọ.

Ó kó gbogbo agolo pẹlẹbẹ náà kúrò lórí pẹpẹ, ó kó wọn sínú páálí, ó dì í. Ó pe ẹni tó ń kó ọjà fún un láti Èkó, ó ní kó bá òun bi àwọn tó ṣe é léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹni náà ní òun yóò bèèrè. Ọjọ́ ń lọ, kò sí èsì. Hàbíb kò wá. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún Ago Alaye kọjá láìsí àlejò kankan, ìyá Monílọ́lá sì fi èdè Ìkálẹ̀ bú gbogbo àwọn tí kì í mú àdéhùn ṣẹ láyé yìí títí iná fi kú lábẹ́ ìkòkò. Monílọ́lá kò lè jẹun. Bó bá bu òkèlè, á kàn máa wò ó ni.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, ó tẹ́tí sí i lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ́tí sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsọ̀ kó lè sáré lọ sí Odigbo. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nígbà tí takisí kan dúró níwájú rẹ̀. Alhaji sọ̀ kalẹ̀, Hàbíb sì tẹ̀ lé e.

Monílọ́lá gbàgbé ìkúnlẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, sà! Kò sí ẹlẹ́dẹ̀! Fasilíìnì ni, àti ìda oyin, àti ọ̀rá ara irun àgùntàn!"

"Irun kí ni?"

"Àgùntàn, sà. Àwọn àgùntàn ilẹ̀ òtútù. Irun wọn máa ń lọ́ràá, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gba ọ̀rá náà."

Alhaji dúró gbagidi. Ó gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀, níbi tí irun kéékèèké ti ń yọ padà bí iyanrìn.

"Àgùntàn," ó wí. "Mo fá irun mi nítorí àgùntàn!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó gbọn agbádá rẹ̀, títí àwọn oníbúrẹ́dì fi yíjú wá wò ó. Monílọ́lá rọra jókòó sórí àpótí.

"Ọmọ mi," Alhaji wí nígbà tó mí tán, "ìròyìn rẹ dùn, ṣùgbọ́n pòmédì kọ́ ni mo bá wá. Lèmọ́mù ti sọ fún mi pé Ọlọ́run kì í bi èèyàn ní ohun tí kò mọ̀. Èyí tí mò ń rò láti ọjọ́ yẹn ni pé àbúrò mi kò sí níbi tí wọ́n ti sè é, ó búra. Ìwọ náà kò sí níbẹ̀, o kọ̀, bẹ́ẹ̀ o mọ ohun tí kíkọ̀ náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Mo wakọ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Awakọ̀ tó bá ní búrékì òun dára láìtíì tẹ̀ ẹ́ wò, èmi kì í wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kó máa bójú tó ilé ọmọ mi."

Ó wọ inú ìsọ̀, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níta.

Hàbíb lóṣòó síwájú Monílọ́lá. "Ẹ̀rù ló bà mí," ó wí. "Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ, mo wá ń wá ẹni tí màá bínú sí. Má bínú, ayanfẹ́ mi."

"Mo sunkún o."

"Mo mọ̀. Èmi náà sunkún. Wáyà méjì ni mo so pọ̀ lódì lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná."

Monílọ́lá fẹ́ lejú mọ́ ọn, kò rí i ṣe. Ó mí kanlẹ̀. "Ebi ń pa mí," ó wí, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀. Hàbíb ti dìde, ó ń sáré lé alákàrà.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n dé Ago Alaye. Ìyá Monílọ́lá gbàdúrà lórúkọ Jésù, Alhaji sì ṣe àmín tó ròkè ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Sàádátù náà wá. Ó jókòó lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ìrẹsì tán.

Lẹ́yìn náà ni Ọláníran pe ọmọ rẹ̀ sí àárín ilé, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó fi àwọn àlejò hàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí bàbá bèèrè.

"Monílọ́lá, ṣé o mọ ọkùnrin yìí? Ṣé kí a gbà..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni ó dáhùn, kí ọ̀rọ̀ tó jáde tán lẹ́nu bàbá rẹ̀, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ohun tó mọ̀ ni wọ́n ń bi í lọ́tẹ̀ yìí.