Ọmọ Ọmọ Zipporah

Ọkùnrin kan ti ń fi ọwọ́ gbá tábìlì kí Ìyáàfin Hannah Akínbọ́lá, onílé-ìwé, tó jókòó. Rachel ọmọ ọkùnrin náà dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù tuntun.

"Ẹ ní ọmọ mi ò sí nínú ìwé yín? Nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́bùsáìtì yín ni mo pè! Ẹ gbowó fọ́ọ̀mù, ẹ fún un ní lẹ́tà!"

Hannah gba lẹ́tà náà. Àmì ilé-ìwé rẹ̀ ló wà lókè. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Òbí kẹtàlá nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjìlélógún ló fi gbé ilé-ìwé náà ró ní Òrù. Orúkọ rere nìkan ló ní. Bí wọ́n bá ti pè é ní olè, ó parí.

Ó ránṣẹ́ pe Waris, olùkọ́ kọ̀ǹpútà.

"Wọlé sórí wẹ́bùsáìtì wa, kí o yọ nọ́ńbà yẹn."

"Mi ò lè wọlé, mà. Jason tó ṣe é fún yín ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi ra àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì náà."

"Wẹ́bùsáìtì tèmi?"

"Tirẹ̀ ni lójú àwọn tó tà á. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe rí hàn yín, mà."

Òótọ́ ni Waris sọ. Nígbà tí Jason wá, kò bi í léèrè iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè níbí ló béèrè: ọmọ ta ni ọ́? Jason dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ọmọ ọmọ Zipporah lòun, Zipporah ọmọ Kátíkíìsì Zechariah ní ìlú Awa. Ó ka orúkọ ọmọ Bàbá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó mọ ọdún tí Bàbá gba iṣẹ́ Ọlọ́run, ó mọ orin tó fẹ́ràn. Bàbá yẹn ló kọ́ Hannah ní a-bí-dí. Omi bọ́ lójú Hannah, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Jason. Waris tó ti Ọ̀fà wá, tóun náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilé bàbá rẹ̀, padà sí kíláàsì.

Hannah fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Sájẹ́ńtì Láńre tẹ̀ lé òun àti Waris dé ṣọ́ọ̀bù Jason ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Fáànù ṣì ń yí. Tíì tó wà lórí tábìlì ṣì ń rú èéfín. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ó ti fò ó," Láńre ní.

Hannah ò délé. Awa ló gbà lọ, kó lè fẹjọ́ Jason sun ẹbí rẹ̀. Mama Miriam, àkọ́bí Kátíkíìsì, gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ ọmọ ta?"

"Zipporah, Mama."

"Zipporah kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù."

Hannah béèrè: "Báwo ló ṣe mọ orúkọ rẹ̀?"

Ìyá àgbà náà wọlé, ó mú ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọdún, orin, ọmọ mẹ́jọ.

"A kọ orúkọ gbogbo wa. A ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Zipporah ti kú. Ta ní í kọ irú ẹ̀?" Ó pa ìwé náà dé. "Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ó gba ìwé mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ń sìnkú ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Mamu. Waris ló ń pín ìwé ètò ìsìnkú lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi fìlà bo iwájú orí. Láńre sá pamọ́ nítòsí, bóyá Jason á tún wá gba ìwé níbẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọwọ́ kan nà sí i.

"Ẹ kú ìsìnkú o. Ẹ fún mi ní méjì."

"Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?"

"Ọmọ ọmọ ni mí."

"Háà. Ẹbí Jason pọ̀ o."

Jason wò ó lójú. Ó ju ìwé náà lù ú, ó kọrí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fo sàréè kan. Ó fo èkejì. Ìkẹta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ ni.

Láńre bojú wo ìsàlẹ̀. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu. A ó fà ọ́ jáde. Ti ẹlòmíì nìyẹn."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò pẹ́ tí Jason fi jẹ́wọ́.

"Ilé-ìwé mélòó lo ti lù ní jìbìtì?"

"Mẹ́rin, sà. Àti ilé ìgbẹ̀bí kan ní Àgọ́-Ìwòyè."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ wẹ́bùsáìtì?"

"Mo ń wò ó lórí fóònù ni, sà."

"Kò sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè iṣẹ́?"

Jason wo ilẹ̀. "Kò sí, sà. Ọmọ ta ni ọ́ nìkan ni wọ́n ń bi mí."

Hannah, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láńre, gbé ojú kúrò.

Ó gba Rachel àti àwọn yòókù wọlé láìgba owó fọ́ọ̀mù míì lọ́wọ́ wọn. Bàbá Rachel wá tọrọ àforíjì, ó gbé iṣu dání. Waris ṣe wẹ́bùsáìtì tuntun, Hannah sì jókòó tì í títí ó fi rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí rírà àdírẹ́sì rẹ̀.

Jason fún àwọn ọlọ́pàá ní páswọ́ọ̀dù mẹ́ta. Kò sí èyí tó ṣí wẹ́bùsáìtì àtijọ́. Ó ní òun ti gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ tó ta àdírẹ́sì náà kò fèsì lẹ́tà Hannah. Ti àtijọ́ ṣì ń ṣí, nọ́ńbà Jason wà lórí rẹ̀, yóò sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí owó tí Jason san lórí àdírẹ́sì náà máa tán.