Ẹni Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Fọ́ọ̀mù

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fa òkú awakọ̀ katakata kan jáde látinú kànga ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé. Àtẹ̀yìn ni wọ́n ti fọ́ ọ lórí. Ẹ̀gbọ́n náà, bíríkìlà, ń wa ẹkún mu.

"Láti Sátidé la ò ti rí i," ó sọ fún Ìsípẹ́kítọ̀. "Ìyàwó mi ní ó rìnrìn àjò. Òun náà ló ní omi kànga ń rùn láàárọ̀ yìí."

Ìyàwó náà kò sunkún. Ìyá Fọ́ọ̀mù làdúgbò ń pè é, torí òun ló ń bá gbogbo wọn kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn akọ̀wé gan-an kò mọ òfin rẹ̀ tó o.

"Ta ló ń bá a jà?" Ìsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀ o. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

Nínú yàrá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀; ìjọba ló ń sanwó tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ fẹ́ mọ iye ẹni tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù ilé náà. Ó gba ọ́fíìsì ìrànwọ́ lọ tààrà.

Akọ̀wé ibẹ̀ fa fáìlì yọ. "Iye èèyàn tó wà nílé la fi ń mọ iye owó tí kò gbọdọ̀ wọlé kọjá. Àbúrò yẹn ríṣẹ́, owó ilé wá ga jù, a fẹ́ yọ ọmọ náà kúrò nínú ìrànwọ́. Àmọ́ ìyá ẹ̀ mú fọ́ọ̀mù tuntun tó yọ àbúrò náà kúrò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé ẹ̀rí ikú ló kù tó máa mú wá."

"Ìṣẹ́gun kẹ̀?" Ìsípẹ́kítọ̀ tún ọjọ́ tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà wò.

Ó padà lọ bá tọkọtaya náà ní pálọ̀. "Ìyá Fọ́ọ̀mù, tẹ́nì kan bá rìnrìn àjò, ṣé ẹ máa ń yọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù?"

"Rárá o! Wọ́n ṣì ń ka owó ẹ̀. Ẹni tó bá kó jáde, òun fúnra ẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i. Òkú nìkan là ń yọ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi yọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó jẹ́ òní la rí òkú ẹ̀? Ẹ sọ fọ́kọ yín pé ó rìnrìn àjò, ẹ sọ fún ìjọba pé ó ti kú. Nígbà tí wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ ní omi ń rùn, ká lè rí òkú."

Bíríkìlà dìde fùú. "Ìwọ!"

"Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó kó jáde!" obìnrin náà figbe ta. "Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọmọ mi ńkọ́? Mi ò sì kọ irọ́ sí fọ́ọ̀mù rí láyé mi!"

Ìsípẹ́kítọ̀ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àánú ọmọ yẹn ń ṣe é gidigidi. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà dúró gbagidi.

"Ọ̀gá, wọn kì í ka ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ará ilé. Ó ku ẹni méjì." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Owó iṣẹ́ yín ti ju iye tí wọ́n fàyè gbà fún ẹni méjì lọ. Wọ́n á yọ ọmọ wa."

Ó wólẹ̀ síbẹ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.