Ẹni Tó Ń Fẹjọ́ Péèjì Bùkúnmi Sùn

Nígbà tí wọ́n tún ti péèjì Bùkúnmi pa, kò sunkún mọ́. Ó da fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó sì gbé orí lé ọwọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní ní Sango, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ti máa ń rọ́ kọjá bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn àti òróró ìpara. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sín ìlẹ̀kẹ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó kí wọ́n tó bí wa. Ọ̀nà tí Bùkúnmi gbà ń tà á ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Iléeṣẹ́ irin tí Johnson, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ ló dín òṣìṣẹ́ kù, tí Johnson sì bá wọn lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo bùkátà ilé ti já lé Bùkúnmi lọ́rùn. Ó ṣí péèjì sórí ìkànnì kan tí tọmọdé tàgbà ń wò lórí fóònù, ó ń gbé àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ síbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ inú ọ̀rá, ẹnikẹ́ni kò wò ó. Àmọ́ lọ́jọ́ tó gbé àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ lórí ìbàdí obìnrin tí kò wọ aṣọ síbẹ̀, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tìrítìrí. Wọ́n ń pè é láti Ìbàdàn, wọ́n ń pè é láti Abuja.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ìbàdí, àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀ sí itan, láti itan ó gòkè lọ sí àyà. Kò pẹ́ tó fi dé ibi tí ojú ẹni tó kàn ń kọjá lọ kò yẹ kó dé.

Àwọn tó ni ìkànnì náà ní òfin. Àwòrán tó bá ti tú ara sílẹ̀ jù, wọ́n á yọ ọ́. Bùkúnmi mọ ọgbọ́n tó fi ń bá wọn ṣe é. Á ya òdòdó kékeré bo ibi tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú un. Á sọ ibòmíràn di bàìbàì. Á wá kọ ọ̀rọ̀ nípa ìlera obìnrin sókè rẹ̀, bíi pé nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ ni," ló máa ń wí. "Kí lẹ̀rọ mọ̀?"

Ẹ̀rọ náà gba òmíràn láyè, ó yọ òmíràn. Bí èyí tó yọ bá ti pọ̀, wọ́n á ti péèjì náà pa, tòun ti gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀. Bùkúnmi á tún ṣí tuntun. Iṣẹ́ tí kò lópin ni.

Ẹnì kan wá sọ fún un pé iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà kì í sábà rí nǹkan bí èèyàn kò bá fẹjọ́ sùn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bùkúnmi lára. Àṣé ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀! Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó gbé síbẹ̀. Ọ̀tá nìkan ló kù tó ń rò.

Ọmọ ìjọ ni Bùkúnmi, kì í pa ìsìn jẹ. Ní ọjọ́ àdúrà àwọn obìnrin, pásítọ̀ ní kí kálukú gbé ohun tí ọ̀tá ń bá jà wá síwájú. Àwọn kan gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá, àwọn kan gbé aṣọ ọmọ wọn wá. Bùkúnmi gbé fóònù. Pásítọ̀ fi òróró pa á lẹ́yìn, ó gbàdúrà sí i, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bùkúnmi fi gbogbo ara gbàdúrà lọ́jọ́ náà. "Ẹni tó ń fẹjọ́ òwò mi sùn, Olúwa, kó má rí iṣẹ́ ṣe! Kí ojú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀! Kí iná rẹ jó o níbikíbi tó bá sá sí!" Ohùn rẹ̀ há. Ó gbààwẹ̀ lé e. Ó sì tún kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà pé òun kò ṣẹ̀, pé kí wọ́n dá péèjì òun padà. Wọn kò fèsì. Èyí tó sì ṣí lẹ́yìn òróró náà, òun ni wọ́n tètè tì pa jù.

Ìdí nìyí tó fi gbé orí lé ọwọ́ lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Màmá Ṣótúndé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Opó ni, aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló ń rán. Ìjọ kan náà ni òun àti Bùkúnmi ń lọ, gbogbo ìjọ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Wọ́n tún ti péèjì mi pa."

"Háà, pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Jabez. Kí ni wọ́n ní o ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan mà. Àwọn ọ̀tá ni."

Màmá Ṣótúndé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ó dáa. Gbé e wá kí n rí i, kí n lè mọ ohun tí n ó bá Ọlọ́run sọ."

Ẹsẹ̀ Bùkúnmi kò kúrò níbi tó wà. Ó ti gbé fóònù yìí dé iwájú pẹpẹ, wọ́n ti fi òróró pa á, kò sí ẹni tó ní kóun jẹ́ kí àwọn rí i. "Wọ́n ti tì í pa mà," ló wí. "Kò ṣeé rí mọ́."

"Àwòrán tó o gbé síbẹ̀ ńkọ́? Kò sí lórí fóònù rẹ ni?"

Ojú ti Bùkúnmi. Àìmọye ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ti wo àwòrán wọ̀nyí, kò sì mú un lára rárá. Kí ló dé tí ojú ìyá àgbà kan ṣoṣo wá ń já a láyà? Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ fún un, ó sì gbójú sá.

Màmá Ṣótúndé wọ awò ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé orí ọ̀kan tó dúró lé.

"Bùkúnmi. Ṣé ọmọ tó ń gbé nínú ilé yín ní Ìjù kọ́ nìyí? Naimat?"

Naimat ni. Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ń ṣiṣẹ́, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé nínú ilé tí Bùkúnmi háyà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn Bùkúnmi bí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Bùkúnmi bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ìlẹ̀kẹ̀ kóun yà á, ó kọ́kọ́ kọ̀. Bùkúnmi ṣèlérí pé ojú rẹ̀ kò ní hàn, ó sì gbà.

Bùkúnmi kọ́kọ́ mú ìlérí náà ṣẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tó ń kánjú ṣí péèjì tuntun, ó gbé àwòrán náà síbẹ̀ tojú timú, ó ní òun á gé orí rẹ̀ kúrò tó bá yá. Ọjà tà gan-an lọ́jọ́ náà. Kò gé e mọ́.

Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ rí i nínú bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́. Kí bọ́ọ̀sì tó dé ẹnu géètì, fóònù náà ti yí gbogbo àga po, Naimat sì wà láàárín wọn. Ó wá bá Bùkúnmi ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ ní ojú mi ò ní hàn." Bùkúnmi ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé ẹnu ayé kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Gbogbo péèjì tó sì ṣí lẹ́yìn náà, àwòrán yìí ló ń kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, torí òun ló ń tajà jù.

Gbogbo èyí ni Bùkúnmi rò fún Màmá Ṣótúndé. Màmá náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mi ò lè gba àdúrà yìí, ọmọ mi."

"Èé ṣe, mà?"

"Bí Ọlọ́run bá dáhùn, ọmọ ọlọ́mọ yìí ńkọ́?"

Màmá náà na ìka sí òdòdó kan lórí àwòrán náà.

"Àwọn òdòdó tó o yà sí i yìí, ta lò ń fi bò ó fún?"

"Ẹ̀rọ wọn ni, mà."

"Ọlọ́run ńkọ́? Ádámù àti ìyàwó rẹ̀ náà wá ewé bora. Ewé yẹn ò ṣiṣẹ́. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá aṣọ fún wọn, nǹkan ẹlẹ́mìí sì kú kí aṣọ náà tó wà. Jésù kú torí tìẹ náà, Bùkúnmi. Kò sí bó o ṣe lè bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ tó máa bò. Òun nìkan ló lè mú un kúrò. Àmọ́ lọ rí ọmọ yẹn ná."

Bùkúnmi lọ sílé. Ó yẹ kí Naimat wà níbi iṣẹ́ ní irú àkókò yẹn, àmọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Naimat, o ò lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Mo ti fi í sílẹ̀, Àǹtí. Wọn ò lé mi o. Èmi ni mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì yẹn mọ́." Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. "Àwọn ẹbí Rauf tó fẹ́ fi mí ṣaya náà ti ní àwọn ò wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mọ́."

Bùkúnmi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ti tún ti péèjì yẹn pa," ló rí sọ.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹjọ́ yín sùn."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Àǹtí. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ṣí látìgbà tójú mi ti hàn. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí òmíràn, mo máa wá a títí n ó fi rí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ ò dá mi lóhùn. Àwọn tó ni ìkànnì náà ni mo wá lọ ń bẹ̀."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó ti rẹ òun náà.

Bùkúnmi rántí àdúrà rẹ̀. Kó má rí iṣẹ́ ṣe: ọmọ náà rèé, kò níṣẹ́. Kí ojú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀: ojú ti tì í dé ibi tí ojú ń tini dé. Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é. Òun Bùkúnmi ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ fún un kó tó lọ síwájú pẹpẹ lọ bẹ̀ fún un. Ọmọ tóun tú sí ìhòòhò lójú ayé, òun náà ló tún ń pe iná lé lórí.

Ọjọ́ tó ti ń kọ ọ́ lórin pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun ti pẹ́. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun jù dáadáa. "Mo ṣẹ̀ ọ́, Naimat. Mi ò ní àwíjàre kankan."

Naimat wò ó títí. "Mo ti gbọ́, Àǹtí," ló wí. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Bùkúnmi padà sọ́dọ̀ Màmá Ṣótúndé. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀. Bùkúnmi kò pariwo, kò pe iná. "Jésù, ó rẹ̀ mí," ló wí. "Ọ̀tá tí mò ń wá, èmi ni. Mo ti fi ara ọmọ ẹlòmíràn jẹun. Dárí jì mí. Wẹ̀ mí. Mi ò lè dá a ṣe mọ́." Ilẹ̀ kò mì, kò sí ẹni tó ṣubú. Àmọ́ ẹrù tó ti wà láyà obìnrin náà láti ọjọ́ pípẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ná, ìtàn ò tíì tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn tó ni ìkànnì náà fèsì ìwé tí Bùkúnmi kọ nígbà ààwẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti tún un yẹ̀ wò. Wọ́n ní àwòrán náà kò tàpá sófin àwọn, àṣìṣe ni, kó má bínú. Wọ́n dá péèjì náà padà fún un pẹ̀lú gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń béèrè ọjà.

Bó bá ṣe pé ṣáájú ìgbà náà ni, Bùkúnmi ì bá jó dé iwájú ìjọ lọ jẹ́rìí. Báyìí, ó jókòó, ó ń wò ó. Owó ilé ń sún mọ́lé. Johnson ṣì wà nílé. Èṣù sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣebí àwọn tó lófin ti ní o ò jẹ̀bi. Gé orí ọmọ náà kúrò, kó o máa tajà rẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn, èmi kò ní purọ́ fún yín.

Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Naimat, ó na fóònù náà sí i. "Wọ́n ti dá a padà. Bá mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Naimat wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀. "Àwọn oníbàárà yín ńkọ́, Àǹtí?"

"Pa á rẹ́."

Ọmọ náà gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí péèjì náà lọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da aṣọ bò. Bùkúnmi jókòó tì í.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá o kò ta ìlẹ̀kẹ̀ rí, o kò ya àwòrán kankan. Àmọ́ o ní ohun tí o ń ya òdòdó bò. Ó lè jẹ́ pé o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n ti fi òróró sí ọ lórí lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú. O ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀tá. Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe ẹni tí o ṣẹ̀ lo ń pè ní ọ̀tá?

Àwọn tó lófin sọ pé Bùkúnmi kò jẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ rẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà, ìjọba lè sọ ọ́, ọkàn rẹ tó ti yigbì lè sọ ọ́. Àmọ́ Ọlọ́run rí gbogbo rẹ̀ láìsí òdòdó lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó rán Ọmọ rẹ̀ wá kú fún ọ. Má dúró di ọ̀la, ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o sọ òtítọ́ fún Jésù nípa ara rẹ. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́, wá bó ṣe rẹ̀ ọ́ yẹn.