Ẹni Tó Bọ́ Aṣọ Lára Táǹkì

Ìhòòhò ni Ìyá Táǹkì bá táǹkì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aṣọ nínípọn tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n fi wé e látòkè délẹ̀ kí otútù ìta má baà mú omi ṣúgà inú rẹ̀, ti dàwátì. Obìnrin yìí ló ń bójú tó táǹkì níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe súìtì. Ó fọwọ́ kan irin, ó tutù rinrin. Ó ṣí ẹnu páìpù ìsàlẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Ẹ̀rọ tó ń mú ṣúgà náà gbóná ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn ń gba gbogbo ìgbóná rẹ̀ lọ, ṣúgà sì ti ń ki.

Ó lọ bá Bàbá Géètì tó ń ṣọ́nà.

"Bàbá, ta ló wọlé lánàá?"

"Alágbàfọ̀ ni."

"Alágbàfọ̀ wo?"

"Ó ní ọ̀gá ló rán òun wá gba aṣọ táǹkì lọ fọ̀. Èmi ni mo bá a di àkàbà mú."

Bàbá tún jẹ́wọ́ pé òun kìlọ̀ fún un kó má fi sítáàṣì sí i jù. Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí aṣọ náà ò bá padà kí ṣúgà tó dì gbagidi, Bàbá Géètì á gbalé lọ, Ìyá Táǹkì á sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Ìyá Táǹkì délé lọ́sàn-án, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn ha férémù ilẹ̀kùn. Ìyá ní òun ra ìgbànú ìwòsàn lọ́wọ́ Dókítà Onífàdákà ní ibùdókọ̀, torí ẹ̀yìn tó ń ro òun, dókítà sì ní bó bá ń yúnni, àìsàn ló ń jáde. Ìyá Táǹkì wo ìgbànú náà, ó rí ojú ibi tí òun fọwọ́ ara òun rán.

"Ìyá, ẹ bọ́ ọ. Aṣọ táǹkì ni. Òwú tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, tó máa ń yúnni lára, ló wà nínú rẹ̀."

"Abájọ tó fi ń mú mi gbóná," ni ìyá wí.

Ìyá Táǹkì àti sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan gba ibùdókọ̀ lọ. Àwọn èèyàn tò síbẹ̀ tí wọ́n ń họra, wọ́n tún fẹ́ ra sí i. Sájẹ́ǹtì bi dókítà ohun tó ń tà. Ó ní ìlera ni. Àmọ́ bó ṣe rí aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn Ìyá Táǹkì, ó gbé ìyókù ọjà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó já sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta táǹkì omi.

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn ò rí ẹnì kankan. Táǹkì dúdú àti aláwọ̀ búlúù ló tò lọ bẹẹrẹ, pẹ̀lú fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì ti kọjá lára rẹ̀ kí ọwọ́ kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì fàdákà náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹ̀yìn táǹkì ọ̀hún kíkankíkan.

"Ta nìyẹn?" ni sájẹ́ǹtì bi.

"Táǹkì ni, sà," ni táǹkì dáhùn.

Ní tẹ́ṣàn, omi ìwẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Sájẹ́ǹtì ní kó jẹ́wọ́ kó tó wẹ̀. Kò jiyàn rárá. Ó ní òun kì í ṣe dókítà, òun ò sì fọṣọ rí. Òun kàn rí aṣọ náà láti títì ni, òun sì rò ó pé ohun tí iléeṣẹ́ ńlá fi ń wé táǹkì, yóò dára fún èèyàn.

Àwọn tó ra ìgbànú gbé e padà wá sí iléeṣẹ́. Bàbá arúgbó kan ní kí wọ́n kúkú fi tòun sílẹ̀ fóun, wọ́n rọ̀ ọ́ títí tó fi bọ́ ọ. Gbogbo wọn jókòó sílẹ̀, wọ́n ń rán, wọ́n sì fi aṣọ alábùlé wọ táǹkì. Lọ́jọ́ kejì, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ látẹnu páìpù, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wá ń ṣàn wọ̀ọ̀. Bàbá Géètì padà sórí àga rẹ̀.

Ìyá Táǹkì jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe mú dókítà. Ìròyìn ò tíì dé ìdajì tí ìyá fi sùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí ikùn.